Èso Ẹ̀yìnkùlé Wa



Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa ń ká máńgòrò lẹ́yìnkùlé ilé tí a háyà ní Kàdúná yìí. Àbíkẹ́yìn wa bi mí pé, "Bàbá, ta ló gbìn ín?" Mo ní ayálégbé kan tó ti lọ ni. Ó tún ní, "Èwo wá ni tiwa?" Ẹnu mi wọhò. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò nínú ilé náà láìgbin nǹkan kan, nítorí mo ń wí pé ilé ni n ó padà sí.

Ẹ ka Jeremáyà 29, ẹsẹ 4 sí 10. Olúwa ṣèlérí fún àwọn ìgbèkùn Bábílónì pé wọn yóò padà sílé lẹ́yìn 70 ọdún. Síbẹ̀ ó ní kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú náà. Máńgòrò tí a fi kóró gbìn a máa tó ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Ẹni tó gbin tiwa lè má fẹnu kàn án rárá.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa gbé ìlú yìí bí ẹni tó dúró de ọkọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a bu máńgòrò fún àwọn ará ilé kejì, a sì gbin kóró mẹ́ta. Bí a kò bá tilẹ̀ sí níhìn-ín nígbà tí wọn yóò so, ọmọ ẹlòmíràn yóò jẹ. Kí Olúwa fi ìbísí sí i. Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ