Ojú Irin àti Òjò Tí Kò Tíì Rọ̀

Òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn ará àdúgbò wa dáwó rà láti fi tún ọ̀nà ṣe, òjò ọ̀sán kan ṣoṣo ló gbé e lọ. Ìyẹn ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí èmi àti màmá mi wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà n'Íbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta, torí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ló gbé irin dúró. Bí àgbàrá bá wọ́ ọ lọ, irin kò rí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Mo ní ojú ọjọ́ ń yí padà, kí ìjọba tètè fẹ ojú kọ́fàtì abẹ́ ojú irin sí i. Màmá mi ní, "Ṣé kí wọ́n fi owó oògùn aláìsàn òní gbẹ́ gọ́tà fún òjò tí kò tíì rọ̀? Akátá là ń kọ́kọ́ lé, ká tó bá adìyẹ wí."

N kò lè fèsì, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn kì í fojú kéré òjò. Lọ́dún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé àti èèyàn lọ, kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa kún nìyẹn. Ooru náà ńkọ́? Bí ooru ara irin bá fi dígírì 10 lé sí i, irin tó gùn ní kìlómítà kan á fẹ́ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 11 gùn sí i. Wọ́n sì ti jó irin òde òní pọ̀ gbọọrọ, kò ráyè gùn, ó lè wọ́. Lójú irin tó wọ́, ọkọ̀ lè yẹ̀.

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti yá lára owó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ẹgbẹ́ mi léèrè, bẹ́ẹ̀ gbèsè yẹn lè kàn wá. Ẹni tó bá fi gbèsè sílẹ̀ fún ọmọ, ó yẹ kó fi ohun tó tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè sílẹ̀ pẹ̀lú, kó má jẹ́ àlàpà. (Àwọn orílẹ̀-èdè olówó ló da èéfín jù sáfẹ́fẹ́, ó yẹ kí wọ́n dá sí i. Àmọ́ òjò ò ní dúró dè wọ́n.)

Bí owó bá kù ẹyọ kan, màá fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ẹyọ kan ló kù, níwọ̀n ìgbà tí a ṣì ń rówó ra aṣọ ẹgbẹ́ àti ìlù sí ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣí iṣẹ́ ìjọba.