Bí Gbogbo Ilé Bá Jẹ̀bi, Ta La Ó Bá Wí?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NCAA, tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì ní Amẹ́ríkà, gbé ìdájọ́ kalẹ̀ lórí Yunifásítì Baylor ní ìlú Waco, ìpínlẹ̀ Texas. Owó ìtanràn tí wọ́n bù lé wọn jẹ́ 5,000 dọ́là. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Waco á tún iye náà kà. Ní 2016, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ ilé-ìwé náà fẹnu ara wọn sọ fún ìwé ìròyìn Wall Street Journal pé láti 2011, obìnrin 17 ló ti fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ tàbí lílù kan àgbábọ́ọ̀lù 19. Ilé ẹjọ́ ti rán àgbábọ́ọ̀lù Baylor kan lọ sẹ́wọ̀n 20 ọdún ní 2014.

Ilé-ìwé Onítẹ̀bọmi ni Baylor o, ìjọ tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ bí ẹní mowó. Bọ́ọ̀lù ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Èyí tí wọ́n ń gbé mọ́yà sáré ni, owó rẹ̀ kò sì kéré. Lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Art Briles, ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí tẹ́lẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Big 12 ní 2013, ó sì pín ti 2014 pẹ̀lú Yunifásítì TCU. Lọ́dún 2014 yẹn náà ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré tuntun létí odò Brazos. Ta ló fẹ́ ba ayẹyẹ jẹ́? Àwọn agbẹjọ́rò tí ilé-ìwé náà bẹ̀ níṣẹ́ ìwádìí sọ ní oṣù karùn-ún 2016 pé àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀lù gbọ́ ẹ̀sùn, wọ́n bá olùfisùn tàbí òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn ò sì fi tó ẹni tó yẹ létí.

Ọ̀daràn ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Akin wà lára ohun tí à ń wò kí á tó pe ènìyàn ní ọmọlúàbí, kì í sì í ṣe akin ẹni tó lè ta ènìyàn nù lórí pápá ni mò ń wí. Akin ni kí akọ́nimọ̀ọ́gbá gbé fóònù, kó sọ fún ọlọ́pàá pé ọmọ tí òun gbójú lé jù lẹ̀sùn ń kàn, bí ìdíje tilẹ̀ ku ọ̀la.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ju owó ìtanràn lọ ni àwíjàre NCAA. Ìgbìmọ̀ tó dájọ́ ní òfin àwọn kò fàyè gba kí ilé-ìwé ṣe ojúrere tí akẹ́kọ̀ọ́ yòókù kò rí gbà fún eléré ìdárayá. Níwọ̀n bí Baylor kò sì ti bójú tó irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ káàkiri ọgbà, àwọn kò lè sọ pé eléré nìkan ni wọ́n ṣojúrere fún. Nítorí pé ìdọ̀tí náà kárí ilé, kò sí ẹni tó dọ̀tí! Mo gbà pé adájọ́ kò lè dá òfin sílẹ̀ lórí ìjókòó. Àmọ́ àwọn yunifásítì fúnra wọn ni ọmọ ẹgbẹ́ NCAA, àwọn ló ń ṣòfin rẹ̀. Wọ́n sì mọ òfin líle ṣe: ní 1987, wọ́n gba odindi sáà bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Yunifásítì SMU nítorí owó tí wọ́n ń fún àgbábọ́ọ̀lù lábẹ́lẹ̀, ní 2010, wọ́n dá àgbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Ohio State márùn-ún dúró fún ìdíje márùn-ún, torí pé wọ́n ta ẹ̀bùn wọn, wọ́n sì fín ara ní ẹ̀dínwó.

Àwọn kan á ní ìyà ilé-ìwé máa ń bá aláìmọ̀kan. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí NCAA bu 60 mílíọ̀nù dọ́là lé Yunifásítì Penn State ní 2012 lórí ọ̀rọ̀ Jerry Sandusky, igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń ba àwọn ọmọdékùnrin jẹ́, wọ́n tún fòfin de ẹgbẹ́ náà kúrò nínú àwọn ìdíje ìparí sáà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo àgbábọ́ọ̀lù tí ìyà náà bá ló wà nílé-ìwé nígbà tí ìwà náà wáyé. Ṣùgbọ́n owó kì í ṣe ọmọdé, iṣẹ́ ọ̀gá kì í ṣe ọmọdé. Ẹ mú owó, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó bá fẹ́ lọ gba ilé-ìwé mìíràn lọ, kí ẹ sì so ìyà mọ́ orúkọ ọ̀gá tó bo ẹ̀sùn mọ́lẹ̀, kó bá a dé ibi iṣẹ́ tuntun. NCAA ní irú ìjìyà yìí lọ́wọ́, wọn kò sì lò ó fún Briles, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbìmọ̀ wọn sọ pé kò ṣe ohun tó kéré jù tí à ń retí lọ́wọ́ ènìyàn.

Ní oṣù kejì 2022, Yunifásítì Grambling State gbà á síṣẹ́. Ariwo ta, ẹnu àwọn ènìyàn kò sinmi, láàárín ọjọ́ mélòó kan Briles fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.