Iṣẹ́ Tí Ojú Kò Rí: Ta Ni À Ń Ṣe É Fún?

 Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́dún yìí rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti dáhùn: bí ènìyàn bá ń ṣe iṣẹ́ tí ó dá a lójú pé kò sí ẹni tí yóò wo inú rẹ̀, ǹjẹ́ dandan ni kí ó ṣe é dáadáa? Kí ọ̀rọ̀ má baà di ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí a gbé e ka orí ohun tí gbogbo wa ní nílé, èyíinì ni dúrọ́ọ̀ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀nà méjì ni káfíńtà lè gbà so igun dúrọ́ọ̀ pọ̀. Èkínní ni kí ó fi ìṣọ́ kan pákó méjì mọ́ra, kí ó fi gúlù díẹ̀ sí i. Èkejì ni oríkèé tí àwọn oníṣẹ́ igi ń pè ní dovetail. Ìrù àdàbà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé a gé ẹnu pákó kan bí ìrù ẹyẹ, tí ó fẹ̀ lẹ́nu tí ó sì tín-ín-rín nídìí, a sì gbẹ́ àyè tí ó bá a mu gẹ́lẹ́ sára pákó kejì. Bó ti wù kí a fa dúrọ́ọ̀ náà tó, ibi tí ó fẹ̀ kò lè gba ibi tóóró kọjá. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. A ti rí i lára ohun èlò igi inú ibojì àwọn ará Íjíbítì àtijọ́.

Nínú iṣẹ́ ọnà àwọn baba wa, igi kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ ère láti inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ àti Àrẹògún ará Òsì ṣe ṣe é. Lára àwọn tí ó mú kí iṣẹ́ pákó àsopọ̀ gbilẹ̀ ní Èkó ni àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọwọ́ irú wọn ló kọ́ Mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Níbi tí a bá sì ti so nǹkan pọ̀ ni ìbéèrè wa ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé inú oríkèé kì í hàn síta.

Ègé pákó tí ó ṣẹ́kù nínú èyí tí ọ̀gá rà ní Katako ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi ń kọ́ ọ. Yóò kọ́kọ́ fá ẹnu pákó kí ó gún régé, nítorí pé bí ẹnu pákó bá wọ́, gbogbo ìwọ̀n tí ó bá mú lára rẹ̀ ni yóò wọ́. Yóò gé ìrù, yóò gbé e lé pákó kejì, yóò sì fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti le nìyí: ẹ̀gbẹ́ ìlà, ní apá ibi tí a ó gé dànù, ni ayùn gbọ́dọ̀ gbà. Bí ó bá jẹ ìlà mọ́ ọn, oríkèé yóò dẹ̀. Bí ó bá jìnnà sí i jù, kò ní wọlé, bí a bá sì fi tipátipá lù ú, pákó yóò là. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ṣísẹ̀lì gbẹ́ ìyókù, ìdajì láti òkè, ìdajì láti ìsàlẹ̀.

Mo mọ ọ̀gá káfíńtà kan ní Angwan Rukuba tí kì í yin ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí oríkèé bá wọlé. Ńṣe ni yóò tún un fà yọ, tí yóò wo inú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìta lè purọ́. Gúlù àti lẹ́búlẹ́bú igi lè dí àlàfo. Inú ni mo fi ń mọ̀ bóyá ọmọ yìí ṣe iṣẹ́ ni, tàbí ó kàn parí iṣẹ́."

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀rọ ń gé e ní ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí, àti pé oníbàárà kò ṣetán láti sanwó rẹ̀. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e rí kò ní tètè mọ̀ bí ẹ̀rọ bá gé e wọ́. Ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n bí Lamidi Fakeye sí ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì ti ń gbẹ́ igi, síbẹ̀ ó tún lọ fi ara rẹ̀ sábẹ́ George Bandele, ọmọ Àrẹògún, láti kọ́ṣẹ́. Àkókò ẹ̀kọ́ kò ṣòfò.

Ní ti owó, èmi kò sọ pé ìṣọ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, tí ó sì mọ̀ pé ìṣọ́ ni òun rà, kò sí ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tí ó bá sì fi ọ̀sẹ̀ kan gé dovetail sí ilé adìyẹ, àṣejù ni. Ohun tí ó burú ni kí a gba owó oríkèé, kí a kan ìṣọ́, kí a wá fi fáńíìṣì bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé oníbàárà kò mọ ibi tí yóò wò.

Ẹ̀yin náà sì mọ ọyẹ́ Jos. Igi a máa wú lásìkò òjò, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́. Ìṣọ́ kò lè bá igi wú, kò lè bá a sún kì. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa tú, títí ojú dúrọ́ọ̀ yóò fi já sí ènìyàn lọ́wọ́. Oríkèé tí igi di igi mú, ńṣe ni wọ́n jọ ń wú, tí wọ́n jọ ń sún kì. Alábòójútó tí kì í gba rìbá ni ọyẹ́.

Àwọn àgbà ní, amòòkùn jalè, bí ọba ayé kò rí ọ, ọba òkè ń wò ọ́. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìbẹ̀rù ẹni tí ń wò wá nìkan ni a fi ń ṣe dáadáa, a kò yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́ tí ń sáré nígbà tí ọ̀gá bá yọ. Ẹni tí yóò fa dúrọ́ọ̀ náà ni a jẹ ní gbèsè. Ó lè jẹ́ opó tí ó kó ìwé ilé ọkọ rẹ̀ sínú rẹ̀, tí kò sì ní mọ orúkọ káfíńtà láéláé. Nínú iṣẹ́ ìjọba tí mo ti ń jẹun, a máa ń sọ pé iṣẹ́ ọba kì í ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn. Fáìlì tí a jù síbi tí kò yẹ, ojú kò rí i. Ọjọ́ tí ẹni tí ó fi ọdún márùndínlógójì sìnlú bá ń wá owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kiri ni dúrọ́ọ̀ yóò já.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà lájò ju àwọn ará ilé lọ. Nílé, bí ẹnìkan bá ṣe iṣẹ́ ẹ̀tàn, wọn yóò ní ọmọ lágbájá ni. Níhìn-ín, níbi tí Anaguta, Afizere, Berom, Haúsá àti Ígbò ti ń rà lọ́wọ́ wa, wọn kò mọ lágbájá. Wọn yóò ní Yorùbá ni. Nígbà rògbòdìyàn oṣù kẹsàn-án 2001 àti ti oṣù kọkànlá 2008, ọ̀pọ̀ ìdílé sá fi ẹrù sílẹ̀. Ohun tí iná kò lè jó ni iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ẹni àti ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn aládùúgbò ní nínú ẹni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, n kò ní kí gbogbo ọmọ di káfíńtà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́ iṣẹ́ kan tí àwáwí kò wúlò níbẹ̀, ì báà jẹ́ igi gígé, ì báà jẹ́ aṣọ rírán. Bí ó bá sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá fún yín, ẹ má tètè yìn ín. Ẹ wo inú rẹ̀ kí ẹ tó yìn ín. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa dójú tì wá. Àmín.