Ẹja Tí Ń Jẹ Iyùn: Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Òwe yìí rọrùn láti pa, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ṣòro láti dá. Bí obì bá bàjẹ́ tán, ta ni kí a bá wí? Ṣé kòkòrò tí ó jẹ ohun tí a dá a láti jẹ ni, tàbí ẹni tí ó kó obì pamọ́ tí kò sì yẹ̀ ẹ́ wò? Ìbéèrè yìí kan ẹnikẹ́ni tí a bá fi ohun ẹlẹ́mìí sí ìkáwọ́ rẹ̀, ó sì kan olùkọ́ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Ní ayé òde òní, àwọn kan wà ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan, tí wọ́n ń rọ omi iyọ̀ sínú àpótí dígí ńlá nínú ilé wọn, tí wọ́n sì ń sin iyùn òkun sínú rẹ̀. Yorùbá mọ iyùn: òun ni ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí ó máa ń wà lọ́rùn ọba àti ìjòyè, èyí tí àwọn Potogí ń kó wá láti Òkun Mẹditaréníà tà fún àwọn ará Bìní nígbà àtijọ́. Ṣùgbọ́n iyùn kì í ṣe òkúta, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe igi. Ẹran ni. Ẹ̀ka iyùn kan ṣoṣo lè jẹ́ ilé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dá wẹ́wẹ́, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹnu tirẹ̀, tí gbogbo wọn jọ kọ́ egungun líle kan tí wọ́n ń gbé. Wọn kò lè sá, wọn kò sì lè ké.

Ẹni tí ó ní iyùn báyìí a máa fẹ́ ẹja aláràbarà tí yóò máa lúwẹ̀ẹ́ láàárín wọn. Yóò ra ọ̀kan, yóò sì dà á sínú omi. Oṣù kan á kọjá, oṣù mẹ́fà á kọjá, ẹja kò fọwọ́ kan nǹkankan. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í ge iyùn jẹ, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí ẹ̀ka tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó dàgbà á fi di egungun funfun. Orúkọ tí olówó ẹja ń pè é láti ìgbà náà lọ ni ọ̀dàlẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ó dalẹ̀? Nínú òkun gbalasa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹja tí àwọn òyìnbó fi orúkọ labalábá pè ni ó jẹ́ pé iyùn gan-an ni oúnjẹ wọn. Irú kan tún wà tí ẹnu rẹ̀ rí bí ti ayékòótọ́. Ó máa ń họ ojú iyùn àti àpáta jẹ, ó sì ń yà á ní iyanrìn. Púpọ̀ nínú iyanrìn funfun tí ó yí àwọn erékùsù Maldives ká ni ó gba ikùn ẹja yìí kọjá. Iyùn kò tìtorí èyí tán nínú òkun, nítorí pé òkun fẹ̀, bí ẹja ti ń jẹ níhìn-ín ni iyùn ń hù lọ́hùn-ún. Inú àpótí dígí ni ọ̀ràn ti dé. Níbẹ̀, àyè há, oúnjẹ tí a ń fún ẹja kò yàtọ̀ láti àná dé òní, nígbà mìíràn kò sì tó. Ẹja tí ó wọlé ní kékeré náà sì ti dàgbà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí olówó ẹja pè ní ìwà rere fún oṣù mẹ́fà, ó lè jẹ́ pé ebi ni kò tíì pa ẹja náà dé ojú rẹ̀.

Ẹ̀rí kan wà nítòsí tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí yé ni dáadáa. Ìlú Bouaké wà ní àárín ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ilẹ̀ tí àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò láti ìran dé ìran. Ó tó nǹkan bí 350 kìlómítà sí Abidjan létí òkun, nítorí náà kì í ṣe ibi tí a ti ń wá iyùn. Ṣùgbọ́n ní Kokondékro, nítòsí ìlú náà, àwọn onímọ̀ dá ibùdó kan sílẹ̀ fún ìwádìí nípa sísin ẹja inú odò, pàápàá epìyà. Epìyà ibẹ̀ lókìkí débi pé ní ọdún 1971 a kó irú rẹ̀ láti Bouaké lọ sí orílẹ̀-èdè Brazil. Àléébù kan ni epìyà ní: ó ń tètè bímọ, ó sì ń bí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí a bá kó akọ àti abo papọ̀ sínú adágún, kò ní í pẹ́ tí ọmọ wẹ́wẹ́ yóò fi kún ibẹ̀ bámúbámú, oúnjẹ kò ní í kárí, gbogbo wọn yóò sì ràn. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n tí a dá sí i ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire ni pé a mú ẹja apẹja-jẹ kan tí kò tóbi, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hemichromis fasciatus, a dà á mọ́ epìyà. Ẹnu rẹ̀ kò gba epìyà ńlá, ṣùgbọ́n ó ń gbé ọmọ wẹ́wẹ́ mì, àwọn tí ó kù sì ń rí àyè sanra.

Kí a wá fi ọ̀ràn méjèèjì wé ara wọn. Nínú àpótí dígí, ẹja jẹ ohun tí ó bá pàdé, a pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Nínú adágún, ẹja jẹ ohun tí ó bá pàdé, a pè é ní òṣìṣẹ́. Ìwà ẹja kò yí padà. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ìmọ̀ ẹni tí ó dà á sómi. Àgbẹ̀ ẹja ti bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni ẹja yìí ń jẹ, báwo ni ẹnu rẹ̀ ti tóbi tó, kí ni yóò bá pàdé níbẹ̀? Olówó iyùn wo àwọ̀ ara ẹja nìkan.

Ẹnìkan lè wí pé, bí a bá dá ẹja láre nítorí pé bí a ti dá a ni ó ṣe hù, a jẹ́ pé a ó dá olè náà láre, nítorí pé òun pẹ̀lú lè pe olè jíjà ní ìwà àbínibí. Èsì ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Olè mọ̀ pé nǹkan olóhun ni òun mú. Ìdí nìyí tí ó fi ń dúró de òru. Ó lè rò ó kí ó tó ṣe é, ó sì lè yí padà. Ẹja kò ní ìdúró òru kankan. Ojú ọ̀sán ni ó ń jẹ iyùn, lójú olówó rẹ̀. Ẹ̀bi kì í lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣe nǹkan nìkan. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè ro àbáyọrí rẹ̀ ni ó ń lọ. Nínú ẹni méjì tí ó wà nídìí ọ̀ràn yìí, ènìyàn nìkan ni ó lè rò. Ẹni tí ó bèèrè tí a sì tàn án jẹ, ẹ̀bi tirẹ̀ kéré. Ẹni tí kò bèèrè rárá, tirẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó mọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹwà ẹja dí i lójú, òun gan-an ni ó jẹ iyùn náà.

Síbẹ̀, pé ẹja kò jẹ̀bi kò túmọ̀ sí pé kí a fi í sílẹ̀ kí ó máa jẹ lọ. Àánú ẹja kò gbọdọ̀ mú ni gbàgbé iyùn. Ẹni tí kò lè sá ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dáàbò bò. Nítorí náà, kí a fún ẹja ní oúnjẹ tí ó tó, tí ó sì bá a mu. Bí èyí kò bá ran ọ̀ràn náà, kí a mú un kúrò. Mímú un kúrò kì í ṣe ìyà. Ìyà wà fún ẹlẹ́ṣẹ̀. Ibùgbé tí ó yẹ ni ó wà fún ẹni tí a ṣì gbé sí.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Wọn a gbé ẹja tí ó sú wọn, wọn a dà á sínú odò tàbí òkun tí ó bá sún mọ́ wọn, wọn a sì gbọn ọwọ́ nù. Ní ọdún 1985, a rí ẹja ẹlẹ́gùn-ún olóró kan létí òkun Florida ní Amẹ́ríkà, ẹja tí ilé rẹ̀ jẹ́ òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì. Àwọn onímọ̀ gbà pé láti inú àpótí dígí ni ó ti jáde. Láti ìgbà náà ó ti tàn ká òkun Kàríbéánì, ó sì ń pa àwọn ẹja ibẹ̀ jẹ. Bákan náà ni adágún Victoria ní ìlà-oòrùn Áfíríkà: ní àwọn ọdún 1950 ni a da ẹja ńlá kan láti ibòmíràn sínú rẹ̀. Ó mú owó wá fún àwọn apẹja lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú ẹja kéékèèké tí kò sí níbòmíràn láyé ni ó pòórá. Ìṣòro tí a tì sí àgbàlá aládùúgbò kò tíì tán. Olówó rẹ̀ ni ó yí padà.

Ọ̀rọ̀ kan olùkọ́ wàyí. Kíláàsì pẹ̀lú jẹ́ àpótí: àyè há, ọmọ ogójì tàbí àádọ́ta ń gbé inú rẹ̀, kò sì sí èyí tí ó yan ẹni tí yóò jókòó tì í. Ọmọ tí ó jẹ́jẹ́ fún sáà méjì lè bẹ̀rẹ̀ ní sáà kẹta sí í na àwọn ọmọ kéékèèké, kí ó máa gba oúnjẹ wọn. Ọmọ kì í ṣe ẹja. Ó ní ọkàn, ó lè mọ rere yàtọ̀ sí búburú, nítorí náà ó ní ẹ̀bi tirẹ̀ láti jẹ, a sì gbọ́dọ̀ bá a wí. Ẹni tí ó bá sọ fún un pé kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ti sọ ọ́ di ẹja. Ṣùgbọ́n ìbáwí ọmọ kò pa ìbéèrè tí ó wà fún olùkọ́ rẹ́: ṣé ọmọ yìí ń jẹun kí ó tó wá? Ṣé iṣẹ́ tí a ń fún un tó ọpọlọ rẹ̀, àbí ó ti ju èyí lọ láti ọjọ́ pípẹ́? Ta ni ó jókòó tì í, tí kò lè sá, tí kò sì lè ké? Bí a bá sì lé e, ilé ẹ̀kọ́ wo, tàbí òpópónà wo, ni a dà á sí?

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ilé bá sì di títà, ọmọ nìkan kọ́ ni ayé yóò dá lẹ́bi. Wọn yóò bèèrè ẹni tí a fi í tì, àti ohun tí ẹni náà ń wò ní gbogbo ọjọ́ tí ó fi rò pé àlàáfíà ni.