Ta Ni Ká Dá Lẹ́bi fún Ìṣubú Ọba Oedipus?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí ó bá wá jẹ́ ọba ló ṣubú ńkọ́? Gbogbo ìlú ni yóò máa bèèrè ẹni tó tì í. Ìbéèrè yìí ni Sophocles, ará Áténì ní ilẹ̀ Gíríìkì, gbé kalẹ̀ nínú eré oníṣe tó kọ nípa Ọba Oedipus ní ohun tó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín bá ìwé náà pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ kàwé ní Nàìjíríà sì mọ èyí tí Olóògbé Ọlá Rótìmí fi ìtàn náà ṣe, The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, tí ó sì di ìwé ní 1971. Bí ọmọ bá bi yín pé, "Dádì, ẹ̀bi ta ni?", kí ni ẹ ó wí?

Fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà, bó ṣe lọ nìyí. Laius, ọba Thebes, gbọ́ láti ọ̀dọ̀ òrìṣà Apollo pé ọmọ tí òun àti Jocasta aya òun bá bí ni yóò pa òun. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà, wọ́n gún un lẹ́sẹ̀, wọ́n dè é, wọ́n sì gbé e fún darandaran kan pé kó lọ jù ú sórí òkè kó kú síbẹ̀. Àánú ṣe darandaran náà, ó gbé ọmọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Kọ́ríńtì, òun náà sì gbé e lọ fún Polybus, ọba Kọ́ríńtì, tí kò bímọ. Ọmọ náà dàgbà ní ààfin, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé wọ́n gbà á tọ́ ni. Ní ọjọ́ kan, ọ̀mùtí kan là á mọ́ ọn lójú níbi àsè pé kì í ṣe ọmọ bàbá rẹ̀. Ó lọ wádìí ní Delphi, ní ojúbọ Apollo. Wọn kò dáhùn ohun tó bèèrè. Ohun tí wọ́n sọ ni pé yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, kò padà sí Kọ́ríńtì mọ́. Ní oríta mẹ́ta, ìjà ọ̀nà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti arúgbó kan tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó sì pa á. Ó dé Thebes, ó túmọ̀ àlọ́ ẹranko abàmì kan tó ń pa ará ìlú, wọ́n fi í jọba, wọ́n sì fún un ní opó ọba tó kú. Ọmọ mẹ́rin ni obìnrin náà bí fún un. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àjàkálẹ̀ àrùn wọ ìlú, wọ́n ní àfi kí wọ́n wá ẹni tó pa Laius. Oedipus fi ẹnu ara rẹ̀ gégùn-ún fún apànìyàn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ọ̀pọ̀ yóò ní àyànmọ́ ni, ẹ̀dá kò lè sá fún un. Àwa Yorùbá náà ń sọ̀rọ̀ àkúnlẹ̀yàn, a sì ń sọ pé àyànmọ́ ò gbóògùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Apollo àti ọ̀rọ̀ Ifá kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú ìtàn yìí, Apollo sọ ibi tó ń bọ̀, ó sì parí síbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí babaláwo bá rí ibi lójú ọpọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Yóò ka ohun ẹbọ, yóò sì sọ ohun tó jẹ́ èèwọ̀. Ẹsẹ̀ Ifá kún fún ìtàn ẹni tó gbọ́ rírú ẹbọ tó rú, àti ẹni tó pe awo ní èké. Àyànmọ́ tiwa fi àyè sílẹ̀ fún ìwà àti fún ọwọ́ ènìyàn. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu pé Rótìmí kò jẹ́ kí ẹ̀bi náà dúró sí ọrùn àwọn òrìṣà. Ọdẹ́wálé tirẹ̀ pa bàbá rẹ̀ níbi ìjà lórí oko iṣu, nígbà tí arúgbó náà tàbùkù ẹ̀yà rẹ̀. Ní ìparí, òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n má dá àwọn òrìṣà lẹ́bi. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣe eré náà. Kò ṣòro láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìwà Oedipus. Onínúfùfù ni. Òótọ́ ni pé arúgbó yẹn ló kọ́kọ́ lù ú ní orí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé yóò pa bàbá rẹ̀, ṣé ó yẹ kó gbé ọwọ́ sókè sí arúgbó kankan? Ṣé ó yẹ kó fẹ́ obìnrin tó tó ìyá rẹ̀ í bí? Ẹnìkan lè sọ pé ó gbà pé bàbá àti ìyá òun wà ní Kọ́ríńtì. Àmọ́ ohun tó gbé e lọ sí Delphi gan-an ni pé kò dá a lójú, wọn kò sì dá a lóhùn. Irú ìbínú yìí kan náà ló fi pe Tiresias, afọ́jú aríran, ní ọlọ̀tẹ̀, tó sì fẹ́ pa Creon, àbúrò aya rẹ̀, láìsí ẹ̀rí. Síbẹ̀, ìbínú nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ onínúfùfù ló wà láyé tí wọn kò pa bàbá wọn.

Àwọn kan ṣì wà tí ó yẹ kí àwa tí à ń gbé òkè òkun ronú sí: àwọn tó mọ̀ tí wọn kò sọ. Polybus àti Merope aya rẹ̀ fẹ́ràn ọmọ náà, ìfẹ́ yìí ló sì mú wọn pa òtítọ́ mọ́. Nígbà tó bi wọ́n léèrè, wọ́n bínú sí ọ̀mùtí, wọn kò sì sọ òótọ́ fún ọmọ. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ ni, ì bá ti mọ̀ pé bàbá òun lè jẹ́ ẹnikẹ́ni tí òun bá pàdé lọ́nà, ì bá sì ti ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Láti nǹkan bí 1955 títí di àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n tún ń kàwé, fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó láti bá wọn tọ́jú. Àwọn mìíràn nínú àwọn ọmọ náà dàgbà láìmọ oríkì wọn, láìmọ ìdí tí wọ́n fi wà níbẹ̀. Nínú ilé wa lónìí ńkọ́? Ọmọ tí a gbà tọ́, ọmọ tí bàbá bí síta, ìyàwó àkọ́kọ́ tó wà nílé: à ń pa wọ́n mọ́ pé ọmọ ṣì kéré. Ọmọ yóò dàgbà, yóò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mùtí níbi àríyá.

Ta ni ká wá dá lẹ́bi? Nínú Oedipus at Colonus, tí wọ́n ṣe ní ọdún 401 ṣáájú ìbí Jésù, lẹ́yìn ikú Sophocles, Oedipus arúgbó gbèjà ara rẹ̀ pé òun kò mọ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. Ẹni tí kò mọ̀ kò lè jẹ̀bi bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ni jíjẹ̀bi, ohun mìíràn ni gbígba ẹrù. Bí ọmọ wa bá fọ́ ìkòkò oníkòkò láìmọ̀ọ́mọ̀, a kò ní nà án, àmọ́ a óò san owó ìkòkò. Jocasta ti kọ́kọ́ lóye ọ̀rọ̀ náà, ó bẹ Oedipus pé kó má wádìí mọ́. Kò gbà. Nígbà tí òtítọ́ jáde, Jocasta pokùnso, ọba sì fọ́ ojú ara rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ègún tí òun gé má ja òun. Ó ní kí Creon lé òun jáde, kí ìlú lè rí ìwòsàn.

Èyí ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Ìwádìí tí ó fúnra rẹ̀ pàṣẹ rẹ̀ kàn án, kò sì dá a dúró. Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ Oputa jókòó lórí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láti 1999. Ìjọba tó gbé e kalẹ̀ kò tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde.

Nítorí náà, bí ọmọ bá bi yín, ẹ má sọ pé orí ọba ló burú kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ fún un pé ìbínú ṣe tirẹ̀, àṣírí àwọn òbí ṣe tirẹ̀, àti pé ọkùnrin náà kò sá fún ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Bí ohun kan bá sì wà nípa ìbí rẹ̀ tí ẹ kò tí ì sọ fún un, ẹ pè é jókòó, kí ẹ sọ ọ́ fún un lónìí.