Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Láti Ṣiṣẹ́ Nínú Ilé Àdúrà Ẹlòmíràn?



Ní ìpàdé wa kan, ọ̀kan nínú wa mú lẹ́tà ọmọ rẹ̀ obìnrin wá. Ọmọ náà ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú kékeré kan ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Ó kọ̀wé pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù bá ń wọlé, òun a máa lọ sí sínágọ́gù wọn láti to àga àti láti bá wọn gbé oúnjẹ kalẹ̀, láìgba kọ́bọ̀. Ìyá rẹ̀ sunkún. Díẹ̀ nínú wa sọ pé ọmọ náà ti fẹ́ sọnù, àwa tí a ń kọ ìwé yìí sì wà lára wọn. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń rò ó, ọkàn wa sì ti yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn tí ó ń ràn lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú kékeré ní ìhà ibẹ̀, àwọn Júù ti dínkù. Àwọn ọmọ wọn ti kó lọ sí ìlú ńlá, àwọn arúgbó ni ó kù sílé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú àṣà wọn, àgbàlagbà mẹ́wàá ni ó gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó lè gba àwọn àdúrà kan. Ọmọ wa kò lè ṣe ìkẹwàá wọn, nítorí kì í ṣe Júù, kò sì pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó fi yá wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Arábìnrin kan bi wá pé: "Àwọn tí kò gba Jésù, ṣé kì í ṣe àìgbàgbọ́ wọn ni a ń tì lẹ́yìn?" Ìbéèrè tí ó wúwo ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Lúùkù orí keje. Balógun ọ̀rún kan, Kèfèrí ni, ó fi ìfẹ́ kọ́ sínágọ́gù fún àwọn Júù ní Kápánáúmù. Olúwa kò bá a wí nítorí ilé náà. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó yìn.

Bí ẹnìkan bá ní ìgbà àtijọ́ nìyẹn, ẹ wo John Wesley fúnra rẹ̀. Ní 1737, ní Savannah ní ilẹ̀ Georgia, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè Sípéènì kí ó lè bá àwọn Júù ìlú náà sọ̀rọ̀. Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn àwọn kan nínú wọn sún mọ́ ti Krístì ju ti ọ̀pọ̀ Kristẹni lọ. Nígbà tí àwọn Júù wọ̀nyí kọ́kọ́ dé ní 1733, àìsàn ń pa àwọn ará ìlú. Dókítà kan láàrin wọn, Samuel Nunes, ni ó tọ́jú àwọn aláìsàn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀.

Síbẹ̀, ààlà wà. Ọ̀tọ̀ ni kí a to àga, ọ̀tọ̀ ni kí a fi ẹnu gba àdúrà tí ọkàn wa kò gbà. Kí ọmọ wa má ṣe fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́. Kí ó má sì ṣe fi ìrànwọ́ dẹ pàkúté fún àwọn arúgbó náà, nítorí ìrànwọ́ tí a fi dẹ pàkúté, òwò ni, kì í ṣe ìfẹ́.

Nígbà tí àwa ń kọ́ ilé ìjọsìn wa, àwọn Mùsùlùmí àdúgbò bá wa ru iyanrìn. A gbà á, a sì dúpẹ́. Ṣé gbígbà nìkan ni a mọ̀ ni, a kò mọ fífúnni?

Ìyá ọmọ náà ti fèsì. Ó ní kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó má sì gbàgbé ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ Àìkú. Àwa náà ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́. Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ tí ó ń ṣe rere láìka ẹni tí a ṣe é fún. Àmín.