Ta Ló Máa Mọ̀?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè kan: nígbà tí a bá ń fọ nǹkan, ṣé kí a lè rí i dáadáa la ṣe ń fọ̀ ọ́, àbí kí ẹlòmíràn má baà rí ohun tó wà lára rẹ̀? Abẹ́ àtíbàbà kan ní Mọ́níyà, ní Akínyẹlé wa níbí, ni ìbéèrè náà ti bá mi.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń da ìkòkò alumíníọ̀mù níbẹ̀. Lọ́wọ́ àwọn oníkòǹdẹ́mù ni wọ́n ti ń ra irin. Nígbà ìsinmi kan, wọ́n ra páànù mẹ́rin tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òfuurufú àlòpatì. Ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá ti kógbá sílé, bí Nigeria Airways ṣe kógbá sílé ní 2003, ta ni yóò tún máa tọ́jú rẹ̀? Gọ́ọ̀mù àtijọ́ ti gan mọ́ àwọn páànù náà bí oje igi tó gbẹ, eruku àti gírísì sì ti lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù.

Wọ́n fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ lákọ̀ọ́kọ́, kí gírísì lè kúrò. Lẹ́yìn náà, kí n fi àkísà tí a rẹ sínú kẹrosíìnì bo gọ́ọ̀mù títí yóò fi rọ̀, níbi tó jìnnà sí iná. Igi pẹlẹbẹ ni kí n fi họ ọ́, kì í ṣe ọ̀bẹ. N kò sì gbọdọ̀ fi kọ́sítíìkì kàn án, nítorí ó máa ń jẹ alumíníọ̀mù, ó sì máa ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná jáde.

Méjì àkọ́kọ́, mo ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, apá ti ń ro mí. Mo mú sáńpépà, mo gbo ó títí ó fi ń dán bí dígí. Inú mi dùn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Nọ́ńbà ẹ̀ dà?"

Mo ti họ ọ́ dànù. Nọ́ńbà yẹn ló sì ń sọ irú alumíníọ̀mù tó jẹ́. Bó bá jẹ́ 2024, bàbà wà nínú rẹ̀, bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ 7075, síǹkì ló pọ̀ níbẹ̀ ju bàbà lọ. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Mi ò mọ ohun tó jẹ́ mọ́. Kò ní wọ ìkòkò."

Owó wọn ló ṣòfò yẹn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná ṣáà máa yọ́ gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Wọ́n ní, "Ìwọ ti mọ̀ báyìí."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé ìmọ́tótó dára, ó sì dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì ló jẹ́ kí nọ́ńbà páànù àkọ́kọ́ hàn, sáńpépà ló pa ti ẹ̀kẹta rẹ́, bẹ́ẹ̀ fífọ̀ la ń pe méjèèjì. Ọ̀kan ń jẹ́ kí ìbéèrè rí ìdáhùn. Ìkejì ń pa ìbéèrè lẹ́nu mọ́.

Ẹnìkan lè ní àsọdùn ni. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án 1989, ọkọ̀ òfuurufú Partnair kan já sínú òkun nítòsí Dẹ́ńmákì, ènìyàn 55 sì kú. Àwọn olùwádìí rí i pé bóòtù ayédèrú wà lára àwọn tó de ìrù rẹ̀ mú. Bóòtù gidi àti páńda lè jọra bí ìbejì lójú ẹni tó ń wọ ọkọ̀. Ìkòkò náà ńkọ́? Ní 2014, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ròyìn pé àwọn rí òjé nínú ìkòkò tí wọ́n fi àlòkù alumíníọ̀mù dà ní Kamẹróòn. Inú irin ni òjé ń gbé, ọṣẹ ò lè débẹ̀. Ìyá tó ra ìkòkò lọ́jà kò rí nọ́ńbà kankan kà. Ẹni tó dà á ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ lè bi mí pé, ènìyàn ńkọ́? Ẹni tó ti yí padà, ṣé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pa ìtàn àtijọ́ rẹ́ ni? Mo rò pé ó lẹ́tọ̀ọ́, bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló máa jẹ nínú ìkòkò náà. Bí ẹlòmíràn bá máa jẹ níbẹ̀, ó yẹ kí onítọ̀hún lè ka nọ́ńbà kó tó bu oúnjẹ.

Ọṣẹ àti kẹrosíìnì ni mo fi fọ páànù kẹrin. Ìrọ̀lẹ́ ni mo parí, nọ́ńbà rẹ̀ sì yọ. Ẹ̀kẹta ni wọ́n fi bo ilé adìyẹ. Bí òòrùn bá ràn, ó máa ń dán ju gbogbo òrùlé àdúgbò lọ.